Ohun Ìní Arúgbó Tí Iyè Rẹ̀ Ti Ra: Ìtàn Òfin Ìṣọ́ni Láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Dé Èkó

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ ohun ìní ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra ti lé ní 700 ọdún, orí ilẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí àìsàn. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ọba tàbí ọwọ́ ìjòyè kan lábẹ́ ọba ni onílẹ̀ ti ń gba ilẹ̀ tó ń jẹ, ó sì ní ìsìn àti ìṣákọ́lẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ máa san lé e lórí. Bí iyè irú onílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ra, ilẹ̀ náà di ohun tí kò lólùṣọ́. Aládùúgbò lè sún ààlà tirẹ̀ wọ inú rẹ̀, ìránṣẹ́ lè tà á ní ìtàkutà, ọmọ tàbí àbúrò sì lè máa ṣe bí ẹni pé ogún ti délé nígbà tí olóhun ṣì ń mí.

Ìwé òfin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Prerogativa Regis, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ló sọ ohun tí ọba gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀nà méjì ló pín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí. Ti ẹni tí wọ́n bí láìní òye, ọba á gba ilẹ̀ rẹ̀, á jẹ èrè orí rẹ̀, á máa bọ́ ọ, á sì dá ilẹ̀ náà padà fún àrólé nígbà tí onítọ̀hún bá kú. Ti ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, tí nǹkan wá ṣe é lẹ́yìn náà, ọ̀tọ̀ ni. Ọba kò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀. Èrè ilẹ̀ náà ni wọ́n ó fi máa bọ́ òun àti ará ilé rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n ó tọ́jú rẹ̀ dè é bóyá ara rẹ̀ á yá. Bí ó bá kú láìgbádùn, wọ́n ó ná an nítorí ọkàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọ bá ṣe là á sílẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Ìwé náà kò dárúkọ ọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n ìpín kejì yìí ni arúgbó tí ń ṣarán bọ́ sí. Ẹni tó ti fi iyè pípé kó ọrọ̀ jọ, tó bímọ, tó kọ́lé, kí ìgbàgbé tó dé. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ nípa tirẹ̀, pé ẹni tó bá di àpò mú fún un kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ni ìpìlẹ̀ gbogbo òfin tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà títí di òní, ìjà tí òfin ń jà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú aláìsàn. Ẹni tó súnmọ́ aláìsàn jù lọ ni ó ń ṣọ́.

Kí ọba tó lè fọwọ́ kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé onítọ̀hún kò lè darí ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọba á pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ, wọ́n á búra, wọ́n á sì yẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wò. Anthony Fitzherbert, adájọ́ kan tó ṣe ìwé òfin kan ní 1534, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tí wọ́n bí láìlóye mọ̀: kò lè ka 20 pẹ́nsì, kò mọ ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ í ṣe, kò sì mọ iye ọdún tí òun ti lò láyé. Ìbéèrè wọ̀nyí kò jìnnà sí èyí tí dókítà òde òní ń bi arúgbó tí wọ́n fura pé ìgbàgbé ti ń mú: ọdún mélòó ni ẹ, ọdún wo la wà yìí, ẹ ka iye kan padà sẹ́yìn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé dókítà ń béèrè nínú yàrá, tí ti ìgbà náà sì ń ṣojú gbogbo àdúgbò. Ní 1603, nínú ẹjọ́ Beverley, amòfin Edward Coke to àwọn tí orí wọn kò pé sí oríṣi mẹ́rin. Ó ya ẹni tí àìsàn, ìbànújẹ́ tàbí ìjàǹbá mú kí ó pàdánù ìrántí àti òye sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wèrè rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí wèrè rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lè bọ̀ sípò, àmọ́ arúgbó tí ìrántí rẹ̀ ń yọ́ lọ kì í sábà padà.

Nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, ní 1540, wọ́n dá kọ́ọ̀tù kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Court of Wards. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bójú tó àwọn ọmọ tí bàbá wọn onílẹ̀ ti kú àti àwọn tí orí wọn kò pé. Kọ́ọ̀tù náà di ibi tí ọba ti ń pawó: wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ìṣọ́ ọmọ òrukàn fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, ẹni tó bá sì rà á á jẹ èrè ilẹ̀ ọmọ náà títí ó fi dàgbà. Àwọn onílẹ̀ kórìíra rẹ̀ gan-an. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fòpin sí i ní 1646, òfin sì tún fi òǹtẹ̀ lu ìparí rẹ̀ ní 1660 lẹ́yìn tí ọba padà sórí oyè. Láti ìgbà náà ni àṣẹ lórí àwọn tí orí wọn kò pé ti bọ́ sọ́wọ́ Lord Chancellor, olórí àwọn adájọ́ ọba. Ọba fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé tó fọwọ́ sí gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọwọ́ Lord Chancellor yìí ni òfin ìṣọ́ni ti gbọ́n jù lọ. Bí àwọn ajùmọ̀búra bá ti gbà pé onítọ̀hún kò lè darí ara rẹ̀, iṣẹ́ méjì ni Lord Chancellor máa ń yan ènìyàn sí: ìtọ́jú ara aláìsàn àti àbójútó ohun ìní rẹ̀. Amòfin William Blackstone ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé òfin ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1765. Ẹni tí yóò jogún ilẹ̀ kì í sábà gba iṣẹ́ ìtọ́jú ara, nítorí ikú aláìsàn náà ni ọrọ̀ rẹ̀. Ìbátan tí kò ní jogún ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i. Àrólé ẹ̀wẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe alábòójútó ohun ìní, nítorí ẹni tí ilé ń bọ̀ wá di tirẹ̀ lọ́la kò ní jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ máa jò lónìí. Bí ó bá sì di ọjọ́ ìṣirò, alábòójútó gbọ́dọ̀ jíhìn fún kọ́ọ̀tù, ó gbọ́dọ̀ jíhìn fún aláìsàn náà bí ara rẹ̀ bá yá, àti fún àwọn tó ń ṣètò ìní rẹ̀ bí ó bá kú.

Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni èyí. Wọn kò sọ pé ọmọ burú, wọn kò sì sọ pé ó dára. Ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà ni wọ́n wò, wọ́n wá gbé iṣẹ́ tí àǹfààní náà bá mu lé e lọ́wọ́. Àwọn ẹbí tó ń jà lónìí lórí ẹni tí yóò máa gbé ìyá tí iyè rẹ̀ ti ra àti ẹni tí yóò máa gba owó ilé rẹ̀ ì bá rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹbí tó ní ènìyàn púpọ̀ àti owó púpọ̀ nìkan ló wúlò fún. Níbi tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù nílé, òun náà ni àrólé, òun náà ni olùtọ́jú, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè pín iṣẹ́ náà fún.

Ìṣòro mìíràn wà tó kan arúgbó ní pàtó. Òfin mọ wèrè, ó sì mọ ẹni tí wọ́n bí láìlóye, ṣùgbọ́n kò tètè mọ arúgbó tí kò ya wèrè, tí kò kàn lè rántí ẹni tó yá lówó lánàá tàbí ohun tó fọwọ́ sí láàárọ̀. Ní 1744, nínú ẹjọ́ Barnsley, àwọn ajùmọ̀búra padà wá sọ pé ọkàn ọ̀gbẹ́ni náà rẹ̀ débi pé kò lè darí ara rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀. Lord Hardwicke, Lord Chancellor ìgbà náà, kò gbà. Ó ní àfi kí wọ́n sọ gbangba pé orí rẹ̀ kò pé. Àárẹ̀ ọkàn lásán kò tó láti gba ohun ìní lọ́wọ́ ènìyàn. Ààbò òmìnira ni adájọ́ náà ń wá, ó sì ní ìdí, torí pé bí wọ́n bá fi àyè gba ẹbí láti pe gbogbo àgbà tó bá lọ́ra ní aláìlóye, kò ní sí àgbà tí ilé rẹ̀ yóò kù sí lọ́wọ́. Síbẹ̀ ìdájọ́ náà fi ọ̀pọ̀ arúgbó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ.

Ó tó nǹkan bí 60 ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó yí. Ní 1802, nínú ẹjọ́ Ridgeway àti Darwin, Lord Eldon, tí òun náà jẹ́ Lord Chancellor, là á sílẹ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe bóyá ẹni náà ya wèrè pátápátá mọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti rẹ̀ débi pé kò lè ṣe ìṣe ọlọ́gbọ́n lórí ohun ìní rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sì lè jà á lólè, ó nílò ààbò bí ẹni tó ya wèrè gan-an ṣe nílò rẹ̀. Ìdájọ́ yìí ló ṣí ilẹ̀kùn kọ́ọ̀tù fún àwọn tí ọjọ́ ogbó ti gba iyè wọn.

Àmọ́ owó ló ń ṣílẹ̀kùn ọ̀hún. Ẹbí tó bá fẹ́ kí wọ́n yẹ àgbà wò níwájú àwọn ajùmọ̀búra á gba agbẹjọ́rò, á gba dókítà, á sì san owó àwọn ajùmọ̀búra. Ẹjọ́ William Frederick Windham, ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní orí rẹ̀ kò pé, lé ní oṣù kan láàárín 1861 sí 1862, ẹlẹ́rìí tó lé ní 100 ló sì sọ̀rọ̀. Àwọn ajùmọ̀búra dá a láre, ṣùgbọ́n owó tó lọ sórí ẹjọ́ náà ya gbogbo ìlú lẹ́nu, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n ṣe òfin ní 1862 láti dín ìnáwó kù. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 1842, wọ́n ti yan àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù àkànṣe láti máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Òfin 1890 ló wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ arúgbó tààrà: ó fún adájọ́ láṣẹ lórí ohun ìní ẹni tí àárẹ̀ ọpọlọ tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó fà kò jẹ́ kí ó lè bójú tó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, láìsí pé wọ́n ń pe ajùmọ̀búra jọ tàbí pé wọ́n ń pè é ní wèrè. Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní 1906, ni dókítà ará Jámánì, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí ìgbàgbé ti pa. Òfin ti mọ arúgbó náà kí ìmọ̀ ìṣègùn tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀nà tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìpíngún gbà, nítorí pé fún ìgbà pípẹ́ kọ́ọ̀tù ìjọ ló ń bójú tó ogún tí kì í ṣe ilẹ̀. Ní 1590 ni Henry Swinburne, amòfin ìjọ ní York, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ ogbó nìkan kò gba ẹ̀tọ́ ìpíngún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ arúgbó tó ti padà di ọmọdé, tó gbàgbé títí tó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò lè ṣe ìwé ìpíngún mọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí títí di òní ni ti Banks àti Goodfellow ní 1870. John Banks ti gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ rí. Ó gbà pé ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ṣì ń lépa òun, pé àwọn ẹ̀mí èṣù sì ń dà òun láàmú. Ní 1863 ó ṣe ìwé tó fi ilé 15 sílẹ̀ fún ọmọ arábìnrin rẹ̀ kan. Nígbà tó kú, àwọn kan ní wèrè kì í pín ogún. Alexander Cockburn, Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sọ ohun tí ó yẹ kí a wò: ṣé ẹni náà mọ̀ pé ìwé ìpíngún ni òun ń ṣe, ṣé ó mọ ìwọ̀n ohun tí òun ní, ṣé ó mọ àwọn tó yẹ kí òun rántí, ṣé kò sì sí àìsàn ọkàn tó yí ìfẹ́ rẹ̀ sí wọn padà. Ìṣìnà ọkàn Banks kò kan ogún rẹ̀ rárá, nítorí náà ìwé rẹ̀ dúró.

Ìdájọ́ Cockburn yìí gba ọ̀pọ̀ àgbà sílẹ̀. Ìyá arúgbó tó gbàgbé pé òun ti jẹun lè mọ ilé tó ní ní ẹyọ ẹyọ, kí ó sì mọ ọmọ tó ń wá wo òun àti èyí tí kì í wá. Nínú ẹjọ́ Parker àti Felgate ní 1883, kọ́ọ̀tù tún gbà pé bí ẹni náà bá ti sọ fún agbẹjọ́rò ohun tó fẹ́ nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé, tí iyè ọ̀hún wá ń ṣá kí wọ́n tó parí ìwé, ìwé náà lè dúró bí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ ni òun ń fọwọ́ sí. Ní 1975, adájọ́ Templeman gba àwọn agbẹjọ́rò nímọ̀ràn pé bí arúgbó tàbí ẹni tó ṣàìsàn líle bá fẹ́ ṣe ìwé ìpíngún, kí dókítà wà níbẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹbí máa ń bínú sí ìmọ̀ràn yìí bí ẹni pé wọ́n ń bú àgbà wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé dókítà yẹn ni yóò gbèjà àgbà náà nígbà tí kò bá sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Ti ẹni tí iyè rẹ̀ ti ṣá pátápátá, kò sí ẹni tó lè bá a ṣe ìwé ìpíngún títí di 1969, ọdún tí òfin fún kọ́ọ̀tù láṣẹ láti ṣe é ní orúkọ rẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò lówó púpọ̀ ni ìwé àṣẹ aṣojú, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní pawa ọfù àtọ́nì. Àgbà á fọwọ́ sí i pé kí ọmọ òun máa gba owó òun ní báńkì, kí ó máa gba owó ilé, kí ó máa san gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn, àmọ́ ìkọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i kúrò. Àṣẹ tí ènìyàn fi lélẹ̀ kì í dúró bí ẹni náà kò bá lè ṣe ohun náà fúnra rẹ̀ mọ́. Ní 1879, nínú ẹjọ́ Drew àti Nunn, ọkọ kan ti sọ fún oníbàtà pé ìyàwó òun lè máa ra ọjà lórúkọ òun, kí orí rẹ̀ tó dàrú. Kọ́ọ̀tù ní àìsàn náà ti fòpin sí àṣẹ ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí ọkọ san owó oníbàtà nítorí pé oníbàtà kò mọ̀. Ní 1910, nínú ẹjọ́ Yonge àti Toynbee, àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣojú ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú láìmọ̀ fi owó ara wọn san ìnáwó ẹjọ́. Ìwé tí àgbà ṣe nítorí ọjọ́ tí iyè rẹ̀ yóò ra kú ní ọjọ́ náà gan-an.

Fún nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ẹjọ́ oníbàtà yẹn, àwọn ọmọ níláti máa lo ìwé òkú yìí ní ìkọ̀kọ̀ tàbí kí wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù. Ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń bójú tó irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ gba orúkọ tuntun ní 1947, Court of Protection. Òfin 1959 sì fòpin sí ìyẹ̀wò àwọn ajùmọ̀búra àti àṣẹ àtijọ́ ọba, tó fi jẹ́ pé òfin tí aṣòfin kọ nìkan ló kù. Ọdún 1985 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣí ìkọ̀sẹ̀ náà kúrò. Òfin ọdún náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, jẹ́ kí àgbà lè ṣe ìwé àṣẹ tí kò ní kú bí iyè rẹ̀ bá ra. Bí aṣojú bá ti rí i pé ìgbàgbé ti ń mú un, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ìbátan tímọ́tímọ́, kí ó sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ìyípadà ńlá ni èyí. Fún ọ̀rúndún méje, ìjọba ló ń yan ẹni tí yóò di àpò mú. Òfin yìí wá gbé yíyàn náà fún olóhun fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ kan náà tí Blackstone kì bá gbé ìtọ́jú ara lé lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí yàn, wọ́n sì fún un ní gbogbo kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan jẹ owó òbí wọn run kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act, ti ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, gbìyànjú láti mú méjèèjì pọ̀, yíyàn olóhun àti ojú tó ń ṣọ́ ẹni tó yàn. Ó sọ pé a kò gbọdọ̀ gbà pé àgbalagbà kò lè pinnu ohun kan àfi tí ẹ̀rí bá wà. Pé a gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ láti pinnu fúnra rẹ̀ ná. Pé ìpinnu tí kò mú ọgbọ́n wá kì í ṣe ẹ̀rí pé orí rẹ̀ kò pé. Ìbéèrè tí òfin yìí ń béèrè kì í ṣe ti ìgbà ayé Fitzherbert tó ń fẹ́ mọ irú ènìyàn tí onítọ̀hún jẹ́. Ó ń béèrè bóyá ẹni yìí lè pinnu ohun yìí ní àkókò yìí. Bàbá tí kò lè ta ilé mọ́ lè ṣì mọ oúnjẹ tó fẹ́ jẹ àti ọmọ tó fẹ́ kí ó máa wẹ òun.

Lábẹ́ òfin náà, ìwé àṣẹ méjì ló wà: ọ̀kan fún owó àti ohun ìní, ìkejì fún ìlera àti ìtọ́jú. Kò sí èyí tó ṣeé lò kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Public Guardian, ẹlòmíràn tí kì í ṣe aṣojú sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ó yé olóhun, pé kò sẹ́ni tó fipá mú un. Níbi tí àgbà kò bá ti ṣe ìwé kankan kí iyè rẹ̀ tó ra, Court of Protection ló ń yan ẹni tí yóò bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yàn sí owó á fi ìdúró sílẹ̀ nítorí ìjàǹbá, á máa jíhìn fún ọ́fíìsì náà, kọ́ọ̀tù sì lè yọ ọ́. Ní 2023, òfin mìíràn tún jáde láti mú ìforúkọsílẹ̀ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àyẹ̀wò lórí ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ sì túbọ̀ le.

Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí dé Èkó lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861. Láti 1863 ni kọ́ọ̀tù Èkó ti ń lo òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ bíi ti Banks àti Goodfellow sì di ohun tí agbẹjọ́rò Nàìjíríà ń tọ́ka sí nígbàkígbà tí ẹbí bá ń jà lórí ìwé ìpíngún bàbá tó ti ń ṣarán. Ṣùgbọ́n ohun ìní tí òfin náà bá nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe irú tí wọ́n mọ̀ nílé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ló ni ilẹ̀, ohun tó bá ṣe é ni ilẹ̀ náà ń bá lọ. Ilé ẹbí Yorùbá ní olórí, àmọ́ olórí náà kò lè dá a tà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilé Olóyè Mabinuori tó kú ní 1874, Adájọ́ Àgbà Osborne gbà pé bí dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, bá kú, ọmọ tó bá dàgbà tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni olórí ẹbí. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, kọ́ọ̀tù gíga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà là á sílẹ̀ pé bí olórí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfohùnṣọ̀kan àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè fagi lé títà náà. Bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí, kò tilẹ̀ jẹ́ títà rárá.

Ìlànà yìí dáàbò bo àgbà tí ń ṣarán ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Aláròbọ̀ ilẹ̀ tó mú ìwé wá bá bàbá arúgbó lálẹ́, tó gba òǹtẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀, kò tíì ra nǹkan kan tó dájú, nítorí àwọn àgbà ẹbí lè gba ilẹ̀ náà padà. Ìṣòro rẹ̀ ni bí iyè olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá ra, nítorí ohun tí kò bá ní olórí kò ṣeé tà. Ẹbí ló lè pàdé, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí bàbá bá sì kú láìṣe ìwé ìpíngún, ìdí igi (pípín sí iye ìyàwó tó bímọ) tàbí orí ò jorí (pípín sí iye ọmọ) ni wọ́n ó fi pín ohun tó fi sílẹ̀. Ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole, lórí ogún Suberu Dáwódù tó kú ní 1940 pẹ̀lú ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962. Wọ́n gbà pé ìdí igi ni àṣà, pé orí ò jorí sì jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ rà, ilé tó kọ́ sí àdúgbò tuntun, owó tó wà ní báńkì, owó ìfẹ̀yìntì, kò sí lábẹ́ ààbò ẹbí yẹn. Òun gan-an ni ìgbàgbé máa ń kó sínú ewu. Òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916, pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e ní 1958, wà fún títi aláìsàn mọ́ ilé ìtọ́jú bíi ti Yábàá ju fún ìṣọ́ ohun ìní arúgbó lọ. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní January 2023. Ìlànà ẹjọ́ oníbàtà ọdún 1879 ṣì ni gbòǹgbò ìwé àṣẹ aṣojú ní Nàìjíríà: ìwé lásán tí bàbá ṣe fún ọmọ ń pàdánù agbára rẹ̀ bí iyè bàbá bá ra.

Ọ̀rọ̀ náà ń le sí i fún àwọn Yorùbá tó ti dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester. Ìwé àṣẹ tí ìyá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Public Guardian lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa san owó ilé rẹ̀ ní Peckham, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ń tẹ̀ lé òfin ibi tí ilẹ̀ náà wà, ìwé òkèèrè kò sì ní kí aláṣẹ Nàìjíríà gbà á bẹ́ẹ̀. Scotland pàápàá, tó wà ní erékùṣù kan náà, ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2000. Òbí tó ní nǹkan ní ibi méjì gbọ́dọ̀ ṣètò níbi méjèèjì nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ti Lọ́ńdọ̀nù, fún ti Nàìjíríà, ìwé ìpíngún tí dókítà jẹ́rìí sí, tàbí kí ó fi orúkọ àwọn ọmọ sórí ilé náà kí ìgbàgbé tó dé. Èyí tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí wà lọ́wọ́ olórí àti àwọn àgbà rẹ̀ nílé, wọn kò sì lè gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn ní kọ́ọ̀tù Lọ́ńdọ̀nù.